Wáyà Oko Àna Fámúyìwá

Ẹ ò gbọ́ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń sọ̀rọ̀? Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ àgbà, wọn ò ní kí i, wọ́n á kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni da omi ìfọṣọ nù. Kí o tó la ẹnu láti fèsì, wọ́n ti lọ. Ọmọ Odò-Ọjà gidi, àdúgbò wa níbí, á dúró níwájú mi, á ní "ilé", á ní "iṣu". Ulé tí wọ́n bí i sí àti uṣu tó jẹ lánàá, bí àwa ṣe ń pè é, ti di ohun ìtìjú. Inú àpótí ni wọ́n ti kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ló kọ́kọ́ kọ́ ayé pé èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ kó má dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ fún wa n'Ìkẹ́rẹ́ sì rèé, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ gan-an ló yadi.

Fámúyìwá ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kàwé dé sítáńdáàdì mẹ́rin, ohùn ẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Bàbá ẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ ilé àpótí, ó kó ìpín tiẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. "Ẹ máa mú un," ló wí, "èmi ò tún ní í la kòkó mọ́ láyé mi."

Ẹ̀bá ọjà ni ilé àpótí wà. Ẹ́ńjìnnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n na wáyà láti ibẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ orí òpó kiri ìlú. Ẹni tó bá gba àpótí, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri fún un. Ohun tí wọ́n bá sọ n'Ìbàdàn, wáyà á gbé e wọlé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Fámúyìwá á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á fi ohùn ara ẹ̀ sọ tiwa: ẹni tó kú, ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ sọnù, ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo obìnrin àdúgbò á dá ọwọ́ dúró lórí ọlọ.

Wáyà kan gùn ju ìyókù lọ, èyí tó gba ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ bá àwọn ará abà. Lọ́dún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo àpótí ọ̀nà ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn tó ń gba àpótí nínú ìlú náà ti ń dín kù. Ni ọ̀gá wọn, Àkànní, bá ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ olè ló gé wáyà, kí Fámúyìwá mú olè náà wá, wọ́n á na òmíràn. Bí kò bá rí olè mú, a jẹ́ pé ìlú ò fẹ́ àpótí nìyẹn, òun á sì ti ilé pa.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀gá dé ni ọjọ́ ọ̀wẹ̀ àna pé. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọọdún, ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó, ìbáà jẹ́ akọ̀wé. Ògúnyẹmí, bàbá Àrínọlá ìyàwó ẹ̀, ni àna náà. Ọ̀nà Ìsẹ̀ lóko ẹ̀ wà. Ẹran ìgbẹ́ ni baba yẹn máa ń dẹ okùn fún. Ó ní àpótí lábà, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ọmọ tuntun.

Wọ́n kọ ebè títí oòrùn fi mú. Fámúyìwá yà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà láti tọ̀, ló bá rí ojóbó. Ojóbó ń bẹ níbi gbogbo tí ọ̀yà lè gbà wọlé, wáyà ló sì fi ṣe é. Kókó tí òun fúnra ẹ̀ ta lórí òpó ṣì wà lára ọ̀kan. Pius, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ti dé ẹ̀yìn ẹ̀.

"Fámúyìwá, ṣé ojú mi ni, àbí wáyà ẹ rèé?"

"Ojú ẹ ni."

"Ojú mi náà ló rí òpó méjì tó wà níhòòhò lọ́hùn-ún?"

"Pius, lọ kọ ebè."

"Mò ń kọ ọ́. Ẹni tó gé e náà ń jẹ ọ̀yà."

Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun, uṣu sísun àti ọ̀yà ni. Ògúnyẹmí fọwọ́ ara ẹ̀ gbé itan fún àna ẹ̀.

"Ọkọ Àrínọlá, jẹ ẹ́. Okùn tí mo rí lọ́dún yìí, ọ̀yà kan ò tíì já a."

Fámúyìwá dọ̀bálẹ̀ gba ẹran. "Okùn tó le báyìí, Bàbá, ṣé ọjà Èmùré ni?"

"Ọjà kẹ̀? Orí oko mi ló gbà kọjá. Ṣé wọ́n bi mí kí wọ́n tó nà án? Èyí tó wà lára ulé, mi ò fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà nínú igbó, ta ló ń gbọ́ ọ níbẹ̀, ọ̀bọ?" Ó gé uṣu. "Àpótí mi pàápàá ti yadi láti ọjọ́ ọjà tó kọjá. Wá tún un ṣe, àbí oorun lo ń sùn nídìí iṣẹ́?"

Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹjú mọ́ oúnjẹ. Ta ló máa sọ fún bàbá ìyàwó ẹ̀ pé ó jalè, lójú èèyàn, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu? Fámúyìwá jẹ itan náà tán. Ó ní ó dùn.

Ó délé, ó ní kí Àrínọlá lọ bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

"Kí n lọ pe bàbá mi lólè?"

"Mi ò ní kí o pè é lólè. Kó kàn dá wáyà padà."

"Tó bá dá a padà, ta lo máa sọ fún ọ̀gá ẹ pé ó gé e?"

Fámúyìwá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀ ara ọkọ́ ẹ̀.

"Ọjọ́ tí bàbá mi bá sun àgọ́ ọlọ́pàá," ni Àrínọlá wí, "èmi náà ò ní í sun ulé yìí."

Ọjọ́bọ̀ pé. Àkànní dé, wọ́n jọ lọ ọ̀nà Ìsẹ̀. Ògúnyẹmí ló tún kọ́kọ́ jáde wá pàdé wọn, ó ń ṣàròyé pé àpótí òun ò sọ̀rọ̀.

"Ta ló gé wáyà yìí?" ni Àkànní bi Fámúyìwá.

Fámúyìwá wo ẹsẹ̀ àna ẹ̀. "Ọ̀bọ ni, sà."

"Ọ̀bọ tó ní ẹ̀mú?"

"Ọ̀bọ ibí gbọ́n, sà."

Ògúnyẹmí ló rẹ́rìn-ín jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Fámúyìwá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó kéde pé wọ́n ti rí ewúrẹ́ Monísọ́lá. Ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin má gbàgbé ìpàdé. Ohùn ẹ̀ gé. A rò pé ó ń mí ni, a ń retí, títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Àṣé Àkànní ti ilé pa; ọkọ̀ wá kó ẹ́ńjìnnì lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Wọ́n ní ìwà ọ̀lẹ ẹ̀ ló pa àpótí. Ògúnyẹmí tún wá dúró ní gbangba ọjọ́ ìkórè, ó ní, "Mo fọmọ fún akọ̀wé, àṣé ẹni tó máa la kòkó fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni." Fámúyìwá dọ̀bálẹ̀ kí i. Àrínọlá wà níbẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò.

Ó padà sóko kòkó lóòótọ́, alágbàṣe lórí ilẹ̀ bàbá ara ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀ ẹ́ kó máa ka ìkéde, ó kọ̀. Lọ́dọọdún ló sì ń lọ kọ ebè fún baba yẹn, tí baba náà ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ṣé wọn ò rí i bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe rọ̀ ni.

Mo bi í lẹ́yìn tí wọ́n sin Ògúnyẹmí. Mo ní ó ti kú báyìí, kí ló dé tí o ò jẹ́ kí ìlú mọ̀? Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Florence, ta ló máa gbà mí gbọ́? Àrínọlá gan-an ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé èmi ni mo pa àpótí, pé…" Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀? Florence, mo ti gbọ́, gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná kí n tó…