Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lórí Agolo Sóódà

Ẹ bẹ̀rù ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ dé ìdajì, tó wá rò pé òun ti gbọ́ ọ tán. Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé, ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ arábìnrin bàbá mi. Tási ni mo ń pè é. Òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ọṣẹ ló ń ṣe, ọṣẹ funfun tí wọ́n ń fi àdín àti sóódà pò, ó sì ń tà á lẹ́bàá títì. Kò lọ sílé ìwé, kò gbọ́ Faransé. Èmi nìkan ló ní, òun nìkan ni mo ní. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísìrì, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ládùúgbò. "Ọmọ mi ń kọ́ ìmọ̀ àwọn oníṣègùn," ló ń wí fún ẹni tó ra ọṣẹ àti ẹni tí kò rà.

Lọ́jọ́ tí a dé orí ásíìdì àti béèsì, olùkọ́ wa ní kí n mú sóódà wá láti ilé, kí àwọn tó kù mú ọsàn wẹ́wẹ́. Òdòdó ìṣápá pupa ló rẹ sínú omi gbígbóná, nítorí ilé ìwé wa kò ní nǹkan mìíràn tí a lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ó kán omi ìṣápá sínú omi sóódà, gbogbo rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Ó wá ń kán omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ ewé náà fi ṣí kúrò. "Ásíìdì ti pa agbára béèsì," ló wí. "Omi àti iyọ̀ ló kù." Ó ní kí n fọwọ́ kan ife náà. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì gba ogún nínú ogún nígbà ìdánwò.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Tási ń da sóódà sínú garawa omi, ló bá ta sí i lójú òsì. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Mo sáré kọjá lára àmù, mo wọ ilé ìdáná, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ méjì. Mo fi ìka la ojú rẹ̀, mo sì fún omi ọsàn sí i. Igbe kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ẹ fara dà á, Tási, ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Zémi, alùpùpù akérò, ló gbé wa dé ọsibítù ní Atakpamé. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń da omi sí i lójú, ìgò lórí ìgò, kò dáwọ́ dúró. Níbi tí mo dúró sí ni ọwọ́ mi ti rántí ife ilé ìwé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́: ooru ló ń jáde bí ọsàn bá pàdé sóódà. Nọ́ọ̀sì bi mí ní Faransé pé kí la fi fọ̀ ọ́ nílé. Mo ní omi ni. Ó ní ìyẹn dáa, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Tási di ọwọ́ mi mú. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ohun tí a ṣe dáa."

Ojú òsì náà funfun, kò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Tási kò sinmi. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé bí kì í bá ṣe ọgbọ́n ọmọ òun, méjèèjì ni ì bá lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà. Láti ìgbà náà, tí a bá jọ ń lọ, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo máa ń rìn, kí n lè máa bá a wo ibẹ̀.

Mo ti di olùkọ́ kẹ́mísìrì báyìí, mo ń dá gbé nínú yàrá kan ní Atakpamé, èmi pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ìdáwà yẹn burú, kí n má parọ́ kún irọ́: ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ni ẹni tí mi ò lè sọ ọ́ fún. Lọ́dọọdún tí mo bá dé orí yẹn, mo máa ń pariwo pé bí sóódà bá ta síni lójú, omi ni, omi púpọ̀, ẹ má fi nǹkan mìíràn kàn án. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Màdáàmù Olómi. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́. Nílé, mo panu mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí Tási kẹ́yìn, mo bá a nídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń kọ́ṣẹ́ ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ méjì wà lórí agolo sóódà, wọ́n ti gé wọn sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni ti ọsàn.

"Ti ojú ni," èyí tó kéré jù wí. "Tási ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da sóódà láìgé ọsàn sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣọṣẹ níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ fún mi pé èmi ni yóò gbé òtítọ́ náà wá sílé. Mo wo ojú ọmọ kékeré yẹn, méjèèjì dúdú, wọ́n ń dán.

"Tási, kì í ṣe ọsàn," mo wí. "Omi ló yẹ kí n dà sí yín lójú. Bóyá sóódà nìkan ì bá bà á jẹ́, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọsàn mi dá kún un. Mo parọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo sì parọ́ fún yín."

Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àmù wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn."

"Ó wà níbẹ̀, Tási."

"Ó kún."

"Ó kún."

Ó ní kí àwọn ọmọ náà kó ọsàn kúrò, kí wọ́n pọn omi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó dìde láti sìn mí dé ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ó dúró.

"Bọ́ sí ọ̀tún," ló wí. "Ibi tí mo ti lè máa rí ọ ni kí o máa rìn."

Bẹ́ẹ̀ la rìn dé títì. Kò sí ẹnì kankan ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, àwọn zémi sì ń kọjá níbẹ̀.