Èéfín Yàrá Àgbàdo

Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí yàrá àgbàdo yẹn. Ní abúlé Aguidi ni, lẹ́yìn ilé ọkọ àbúrò mi obìnrin. Kò ní fèrèsé, wọn ò kúkú kọ́ ọ fún ènìyàn, àgbàdo ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó ti máa dáná láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé ó ní sídà, ìyẹn éèdì. Ìkòkò rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ààrò àwọn mọ́.

Ibẹ̀ náà ló ti ń yan gàrí. Ta ló ń jẹ gàrí náà? Àwọn náà ni! Ààrò rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, wọn ò sá fún gàrí rẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Kó tó rìn dé ìdí kànga, á ti jókòó sinmi. Gbogbo ènìyàn ní, "Sídà náà ni." Nọ́ọ̀sì tó ń fún un ní oògùn sídà pàápàá kò bi í ní nǹkan kan. Ṣé ẹni tó bá ní sídà ò lè ní àìsàn mìíràn ni?

Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn dókítà kan ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní sídà. Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wọn èémí. Ó fẹ́ ẹ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà obìnrin kan wá bi í pé, "Tàǹtí, níbo lẹ ti ń dáná?" Èmi ni mo sọ̀rọ̀ yàrá àgbàdo fún un.

Dókítà ní oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ ti ká kòkòrò sídà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kò. Èéfín ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. "Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò. Tó bá tún wọ yàrá yẹn, ìwọ̀nba tó kù náà á lọ."

Háà! Àìsàn tí wọ́n ń bẹ̀rù ti sùn, ìbẹ̀rù wọn ló fẹ́ pa ọmọ ìyá mi.

A dé Aguidi, mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo wá ní, "Ìyá, àbúrò mi ò ní dáná nínú yàrá yẹn mọ́. Dókítà ní àrùn náà kì í ràn nídìí ààrò."

Ó ní, "Kí gbogbo wa wá kú, àbí?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹ gàrí rẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣé ẹ ti kú ni?"

Mo fọwọ́ ara mi gbé agbada gàrí jáde, mo gbé e ka ààrò wọn tó wà ní gbangba. Ìyá ò bá mi jà. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀ wọ yàrá àgbàdo, ó ní òun ò ní bá alárùn pín ààrò.

Ọbẹ̀ ò tíì hó tí a fi gbọ́ ikọ́. Ikọ́ náà ń le sí i. Ìyá já síta, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó di ògiri mú, ó ń wá èémí.

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Ó sún agbada rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ gbé ọbẹ̀ yín wá, Ìyá. Àyè wà."