Omi Aláwọ̀ Yẹ́lò Lójú Sùlíyá

Ọdún kọkànlá rèé tí Sùlíyá ti ń yẹ àwọ̀ wò nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tẹ bébà ara ìgò ní Ìlúpéjú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Agége ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló sì bímọ sí.

Lọ́dún tó kọjá, ojú òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi ṣáá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní ọkọ rẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá Quadri, ẹ lọ sinmi nílé. Ẹkún yìí ti pọ̀ jù."

"Ọ̀gá mi, ṣé ojú kan ṣoṣo lèèyàn fi ń sunkún ni? Àìsàn ni. Mà á tọ́jú ẹ̀, mà á sì padà wá."

Oògùn kẹ́mísìtì kò ràn án, ló bá lọ sílé ìwòsàn ojú kan ní Ìkẹjà. Dókítà Ọlámijùlọ, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, kán omi aláwọ̀ yẹ́lò sójú rẹ̀ méjèèjì.

"Mà, ó yẹ kí omijé gbé àwọ̀ yìí gba ihò tóóró kan lọ sínú imú. Ẹ má nu ojú o. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Sùlíyá ní kí wọ́n fún òun ní dígí. Nígbà tó yá, ojú ọ̀tún ti mọ́. Ti òsì ṣì yẹ́lò, ó tiẹ̀ ti ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Dókítà, ti òsì ni ò rọ́nà lọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gba iṣẹ́ mi ṣe. Ó yá, ẹ fi tíṣù yìí fọnkun."

Èyí tó ti ihò imú ọ̀tún wá yẹ́lò. Ti òsì kò ní àwọ̀ kankan.

"Ọ̀nà omijé ló dí, mà. A óò ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ká ṣí ọ̀nà míì fún un."

"Kò burú. Ẹ dájọ́ fún mi."

Dàwódù ọkọ rẹ̀ ni kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ fọ́ ojú ìyàwó òun. Sùlíyá kò bá a jiyàn. Ó mú un lọ bá dókítà, ó ní kó béèrè gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa jáde, Dàwódù gan-an ló gbé káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí dání.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín kan sínú ọ̀nà tuntun náà kó má baà dí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n yọ ọ́, ojú gbẹ.

Nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́, Jemimah tó jókòó tì í sọ pé ojú ọmọ òun náà ń ṣomi láti ọjọ́ tó ti dáyé, wọ́n sì ní eyín ló fẹ́ hù.

"Eyín kẹ̀?" ni Sùlíyá wí. "Gbé fóònù ẹ wá, jẹ́ kí n fún ẹ ní nọ́ńbà dókítà."