Ọmọ inú ìpolówó bisikíìtì

Ọdún méjìlélógójì ni ọkọ mi fi parọ́ fún mi!

Kó tó fẹ́ mi, ó ní òun ni ọmọkùnrin tó ń kọrin nínú ìpolówó bisikíìtì tí gbogbo wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní kékeré. Mo gbà á gbọ́. Ojú fèrèsé onílé wa ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti máa ń yọjú wò ó, àwòrán rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa.

Orin yẹn ló fi fẹ́ mi. Òun náà ló fi ń rẹ àwọn ọmọ wa lẹ́kún.

Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan fi fídíò ìpolówó náà sórí gúrúùpù ẹgbẹ́ ọmọléèwé wa. Inú mi dùn, mo pariwo:

"Bàbá Bísí, ẹ wá wo ara yín!"

Kò dìde.

Mo tún un wò. Ọmọ náà kọ pélé mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọkọ mi ò kọlà rárá!

"Ta wá nìyí?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn rí i pé o fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Mo ti fi ọkùnrin yìí yangàn yí gbogbo àdúgbò Boundary ká o! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dá mi lóhùn: ta ni mo wá fẹ́ gan-an?