Ọ̀rọ̀ Tí Olùkọ́ Òkè-Ìlèwó Fún Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù láti Ìlú Ọba pé kí n lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n sì ń wá nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Màmá mi, tí wọ́n ń ta abọ́ àti ìkòkò nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde ilé wa ní Òwu, gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó fèsì.

"Ó ti gbọ́," ni wọ́n wí. "Á ṣe é."

Ohun tí mi ò lè là lẹ́nu ni ti bàbá mi. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n wọn sì wúwo. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í yé màmá mi. Àbúrò mi obìnrin a kàn máa mi orí. Èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ wọn. Mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Bí mo bá ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó kàn ń yé mi ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mò ń lọ sí kíláàsì ìdánwò náà ní òkè ilé báńkì kan ní Òkè-Ìlèwó. Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í ṣàwàdà, máa ń fún wa ní ọ̀rọ̀ tó lè gba máàkì. Lọ́jọ́ kan, ó kọ "reluctant" sójú pátákó, ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ fi ṣe gbólóhùn, mà."

Mo ní mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó ronú díẹ̀. "Ẹni tí wọ́n ń tì síwájú ni, tó ń lọ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀."

Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Mo yára fi ewúrẹ́ ṣe gbólóhùn, ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọnú òjò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì kọjá lọ.

Ìgbà yẹn, màmá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn oníbàárà ń kí mi kú oríire ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ṣe àdúà sí i ní mọ́ṣáláṣí. Báwo lèèyàn ṣe ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àdúà tí gbogbo ìjọ ti ṣe àmín sí?

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin tó ń dán mi wò ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìpinnu kan tó nira fún mi. Mo ti há ìtàn kan sórí nípa bí mo ṣe yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ìtàn náà ò wá. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn ló jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún un pé inú ẹbí mi ń dùn, pé èmi gan-an ni ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo sọ ti bàbá mi fún un. Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń há mi lọ́fun ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Àlejò tí mi ò rí rí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún láyé mi.

Nígbà tí èsì jáde, ibi ọ̀rọ̀ sísọ ni mo ti gba máàkì jù. Òótọ́ tí mo sọ pé mi ò fẹ́ lọ ló ṣílẹ̀kùn fún mi láti lọ. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú yàrá. Bàbá mi wò mí títí, wọ́n wá sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" màmá mi bi mí.

"Wọ́n ní ta ló máa gbọ́ àwọn."

Ijó dúró. Màmá mi jókòó ti bàbá mi, wọ́n mú ọwọ́ tó ti kú yẹn dání.

"A máa kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ yín," ni màmá mi wí fún wọn. "Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lọ."

Físà ti jáde báyìí. Àbúrò mi ló ń wẹ̀ fún bàbá mi láràárọ̀. Èmi a dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbọdọ̀ túmọ̀ nǹkan kan, kó lè kọ́ bó ṣe máa gbọ́ wọn fúnra rẹ̀. Lánàá, wọ́n bèèrè omi mímu, ó gbé tówẹ̀lì fún wọn. Bàbá mi tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, èmi ni wọ́n sì ń wò.