Bátìrì Tó Kún Tí Kò Lè Lọ Àgbàdo

Ọjọ́ ọjà Bantè ni akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ yàn láti dán iná oòrùn wò ní abúlé wa lẹ́bàá Lougba. N kò fura. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ó yan ọjọ́ tí ariwo kò pọ̀ nílé.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ iná ní Savalou. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán an wá gbé pátákó oòrùn àti bátìrì ńlá sọ́dọ̀ wa, èmi ló kọ́kọ́ wá bá. Ó ní kí n bá òun ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn, torí bí Mẹ́tìrì bá sọ ọ́, wọn yóò gbà. Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo kan tó ń mu epo díísù. Ó ń wúkọ́, ó ń rú èéfín, ṣùgbọ́n kò já wọn kulẹ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi ti iná rọ́pò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olórí ẹgbẹ́ náà, bèèrè bóyá iná yóò lè gbé e nírọ̀lẹ́, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ti oko dé, tí wọ́n sì ń lọ àgbàdo oúnjẹ alẹ́. Ọmọ náà fọwọ́ gbá bátìrì. Ó ní iná tó wà nínú rẹ̀ tó abúlé wa lò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ ọjà yẹn, ẹ̀rọ tuntun lọ àgbàdo láìdúró títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, mo mi orí sí i pé ó dára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ta ẹ̀rọ àtijọ́ fún ará Gouka kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ajórin ń jó irin, fírísà ọlọ́jà tó ti Nàìjíríà wá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù tàn káàkiri. Àwọn obìnrin tan ẹ̀rọ wọn, gbogbo rẹ̀ sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ọlọ́jà ló jẹ iná tán. Mo lọ wo ojú bátìrì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo ní kí wọ́n má purọ́ mọ́ ọn. Mo ní bátìrì yìí dà bí kèǹgbè ọlọ́rùn tóóró. Ó lè fi gbogbo ọ̀sán gba iná sínú díẹ̀díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá fẹ́ mu níbẹ̀ pa pọ̀, kò lè yára tú u jáde. Bí mo ti ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ọkàn mi lọ sí ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ yẹn, ajórin wà ní Bantè, ọlọ́jà wà ní Bantè. Ẹ̀rọ nìkan ló ń mu.

Mo gun ọ̀kadà zémì lọ sí Savalou lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá oníbàárà sọ èdè Mahi. Ó gbé àga fún mi.

"Ṣé o mọ̀ pé kò lè gbé gbogbo wa pọ̀?"

"Mẹ́tìrì, ẹ kọ́kọ́ mu omi ná."

"Mo ti mu omi nílé. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Àwọn ọ̀gá mi kò fẹ́ gbé bátìrì tó lè yára tú iná jáde wá. Ká ní mo sọ ọ́ ni, àwọn ìyá kò ní gbà, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ìdí nìyẹn tí o fi yan ọjọ́ ọjà."

Ó wolẹ̀. "N kò rò ó jinlẹ̀, Mẹ́tìrì."

"Rárá, ọmọ mi. O rò ó dáadáa. Ẹni tí kò rò kì í yan ọjọ́."

Mo padà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ló fèsì: "Àbúrò, kì í ṣe ọmọ yẹn la gbà gbọ́. Ojú tìrẹ la wò tí a fi ta ẹ̀rọ wa."

Ní báyìí, ajórin gbà láti máa sinmi lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gílóòbù kò tíì tàn, àwọn obìnrin sì ń fi oko sílẹ̀ nínú oòrùn láti wá lọ àgbàdo, kí wọ́n tún padà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àlejò kan wá sọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ láìpẹ́ yìí, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lọ sí ìpàdé. Wọ́n kí mi dáadáa. Kò sí ẹni tó ní kí n bá àwọn lọ.