Orúkọ tí a ò pè nínú àwo wa

Mo sun èédú, mo ru àpò ẹ̀pà ní Ìṣẹ́yìn, mo fi jìtá tí okùn rẹ̀ ku méjì ṣeré kí n tó di ẹni tí gbogbo Ṣakí ń kí!

Owó tèmi la fi ṣe àwo tuntun ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa, àwa arúgbó. Wọ́n ń gbọ́ ọ káàkiri.

Lónìí mo gun ọ̀kadà dé Ìgbòho, mo lọ gbé àwo náà sétí opó Làmídì, olóògbé tó máa ń lé orin fún wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó mirí.

"Ìyá Ràmọ́tà, ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn, Bàbá Múrí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n kì yín níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ bàbá Ràmọ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Èmi ni mo ní kí wọ́n kì mí. Bẹ́ẹ̀, Làmídì ló kọ́ mi ní jìtá, gbogbo ìgbà tí àwo yẹn bá ń kọ ni etí mi ń wá ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń padà sí sítúdíò. Mi ò lóhùn orin, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni màá fi pe orúkọ Làmídì sínú àwo náà.